Káàdì àjọ tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́: nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń da ọpọlọ láàmú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ wọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá alájọ kan fún yín. Ọdún kẹta tí mo di nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé e wá. Omi ti kún inú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi epo kùn. Àrùn jẹdọ̀jẹdọ̀ onírú B ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ó mọ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti le gbagidi. Lọ́sàn-án, bàbá á sùn fọnfọn títí oúnjẹ á fi tutù níwájú rẹ̀. Tó bá di òru, á dìde, á máa rìn láàárín bẹ́ẹ̀dì àwọn ẹlòmíràn, á ní òun ń wá àpò àjọ òun. Lóru ọjọ́ kejì, ó tọ̀ sídìí bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan. Inú bí mi. Mo pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ní aláìsàn kan ò jẹ́ kí àwọn yòókù sùn. Ó kọ diazepam, oògùn oorun, èmi fúnra mi ni mo gún un lábẹ́rẹ́. Wọ́ọ̀dù pa lọ́lọ́. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó sùn dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ò rí i jí.

Ìyàwó rẹ̀ dé láàárọ̀, kò bá mi jà. Ó tú ìdì káàdì àjọ kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo nǹkan yìí.” Lórí káàdì tó pẹ́ jù, gbogbo àmì wà nínú àpótí tirẹ̀, nọ́ńbà dúró ṣánṣán. Lórí èyí tó tẹ̀ lé e, àmì ti ń yọ síta àpótí. Lórí èyí tó kẹ́yìn, ó kọ orúkọ aláta kan lẹ́ẹ̀mejì, 7 rẹ̀ kọjú sí òdì kejì, ìlà sì wọ́ bí ipa ìgbín. “Ọkọ mi tí orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú! Àwọn ará ọjà ti ń sọ pé ó ń jí owó àwọn.” Àwọn kan nínú ẹbí ti ní wọ́n fi nǹkan ṣe é ni, kí wọ́n gbé e lọ sílé aláàdúrà. Obìnrin náà ti jókòó tì í láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé. Owó káàdì ọsibítù àti aṣọ ìbora ni mo bi í léèrè. N kò bi í pé kí ló ti yí padà lára ọkọ rẹ̀.

Hepatic encephalopathy, ìyẹn kí ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ máa da ọpọlọ láàmú, ni ẹ ó bá a nínú ìwé yín. Àwọn kòkòrò tójú ò lè rí tó ń gbé inú ìfun máa ń sọ díẹ̀ nínú oúnjẹ wa di májèlé kan tó ń jẹ́ ammonia. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di urea, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn tán. Nígbà tó bá sì ti le, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba inú rẹ̀ kọjá á gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yà á sílẹ̀. Májèlé á wá dé ọpọlọ láìsí ẹni tó sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì.

Kò bẹ̀rẹ̀ níwájú wa ní ọsibítù. Ojú ẹni tó ń bá aláìsàn gbé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló sì ń wọlé. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò dáa, ẹ bá ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé ó ń fọ̀sán sùn, tó ń fòru ṣọ́nà? Ṣé ó ti gbàgbé iná lórí sítóòfù? Ṣé onísùúrù ni tẹ́lẹ̀ tó wá ń jágbe mọ́ ọmọ, àbí ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín tó wá ń rẹ́rìn-ín ṣáá? Ṣé ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀? Bí wọ́n bá ní “kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀”, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan torí pé ojú rẹ̀ ò pọ́n. Mo ti rí àwọn tí ojú wọn funfun tí wọn ò mọ ọjọ́ tí a wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọwọ́. Ẹ ní kó na apá méjèèjì síwájú, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró, kó ya ìka. Ẹ má ṣe kánjú. Ẹ kà dé 30. Ẹ ti rí ẹni tó ń tòògbé nínú mọ́tò rí, tí orí rẹ̀ á já wálẹ̀, tí á tún ta á gbé sókè? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọwọ́ náà á ṣe. Kì í ṣe gbígbọ̀n lásán. Ọwọ́ ń gbàgbé ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Adams àti Foley, dókítà méjì ní Boston, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1949. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún fún ìdọ̀tí nítorí kíndìnrín lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, torí náà ẹ fi ohun tí ìyàwó sọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà mìíràn, èémí rẹ̀ á máa rùn bí èso tó ti rà. Ẹni tí kò kàwé ńkọ́? Ẹ ní kó ka orúkọ ẹranko fún yín láàárín ìṣẹ́jú kan, ní èdè rẹ̀. Bí kò bá lè dárúkọ 10, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀.

Ìpele 4 ni wọ́n pín in sí nínú ìwé, láti orí ìgbàgbé díẹ̀ dé orí ẹni tí ariwo ò lè jí. Ẹ ó kọ́ ìyẹn fún ìdánwò. Ohun tí mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín ni pé ẹni tó wà ní ìpele kìíní láàárọ̀ lè dé ìkẹta kí ẹ tó jẹun ọ̀sán, pàápàá bí ohun kan bá tì í. Ohun tó sì máa ń tì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: kó má rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mélòó kan, kó yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú, kí àrùn wọ omi inú rẹ̀, kí oògùn tó ń mú un tọ̀ fa ara rẹ̀ gbẹ, ògógóró tí wọ́n fi rẹ àgbo, àti oògùn oorun, irú èyí tí mo fún bàbá alájọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá ẹ̀dọ̀ lẹ́bi, ẹ gún un ní ìka, kí ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀ tó kú sára kò lè tọ́jú ṣúgà pamọ́, àìsí ṣúgà sì ń pani kíákíá. Ẹ béèrè bóyá ó ṣubú, bóyá ibà ń ṣe é, bóyá ọrùn rẹ̀ le. Bí ilé àyẹ̀wò yín bá ń wọn ammonia, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà gíga tàn yín. Òun nìkan ò fi nǹkan kan hàn. Bí ó bá wà níwọ̀n, ẹ wá ohun mìíràn lọ.

Lactulose la fi tọ́jú bàbá, a gba imú rẹ̀ fún un nípasẹ̀ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, a sì tún fi fọ inú rẹ̀ láti ìdí. Oògùn yìí máa ń sọ inú ìfun di kíkan, ammonia ò ní lè padà sínú ẹ̀jẹ̀, á bá ìgbẹ́ jáde. Ìgbẹ́ rírọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ là ń wá. Àṣejù léwu, torí ẹni tó ń ṣunú tí ara rẹ̀ gbẹ á tún padà síbi tó ti wá. Ẹ ka ìgbẹ́ aláìsàn yín bí ẹ ti ń ka ìlùkìkì ọkàn rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà dù ú. Kí wọ́n máa fi dù ú ni wọ́n kọ́ àwọn tó ṣáájú wa, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ pẹ̀lú máa ń bá ẹ̀dọ̀ pa ammonia, ebi sì ń jẹ ẹran ara náà tán.

Ọjọ́ kẹta ni bàbá lajú. Àpò àjọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè.

Kí wọ́n tó lọ sílé, mo jókòó ti ìyàwó rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. A ṣètò pé kí òun àtàwọn ọmọ ṣe àyẹ̀wò jẹdọ̀jẹdọ̀ B, kí ẹni tí kò bá ní in gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo sọ fún un pé kí bàbá má wa mọ́tò. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọwọ́ wò. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu, òun á máa fún un ní káàdì òfo kan láràárọ̀ kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìdájí: “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kejì rèé tí kò yàgbẹ́, ‘A’ inú orúkọ rẹ̀ sì ti dojú délẹ̀.” Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, bàbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ wọ́ọ̀dù, ó kí mi, káàdì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.