Dókítà ní ó ti tán

"Mọ́mì, orí lásán ló ń fọ́ mi o, ẹ gbé tẹmomítà yẹn padà." Ọmọ mi ló ń bá mi wí bẹ́ẹ̀ lánàá. Ara rẹ̀ ò sì gbóná lóòótọ́.

Burkitt ló ṣe é, jẹjẹrẹ tó máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé wú, èyí tí dókítà Denis Burkitt kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Uganda lọ́dún 1958. Ìtọ́jú ti parí, irun ti hù. Àwọn ẹbí ti ṣe ìdúpẹ́, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ. Èmi ni mò ń fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ lóru tó bá ti sùn. (Bàbá rẹ̀ náà ń ṣe é, ó rò pé mi ò mọ̀.)

A ṣì ń lọ ṣàyẹ̀wò ọkàn rẹ̀, torí oògùn doxorubicin tó bá jẹjẹrẹ jà lè sọ iṣan ọkàn di aláìlágbára lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá ọkọ mi ní ṣé mo tún ń wá àìsàn fọ́mọ ni. Mo ní, "Rárá, Màmá, mò ń ṣọ́ ọ ni." Wọn ò dáhùn, àmọ́ àwọn ló san owó àyẹ̀wò tó kàn.