Ilé onígi Fairbanks
Lánàá ni mo dé Fairbanks House ní Dedham lẹ́bàá Boston, ẹnu ṣì ń yà mí di bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Jonathan Fairbanks ló kọ́ ọ fún ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀, òrùka inú àwọn igi ẹ̀ (ìlà róbótó tí igi máa ń fi kún ara ẹ̀ lọ́dọọdún) ni wọ́n kà tí wọ́n fi mọ̀ pé láàárín 1637 sí 1641 ni. Igi oak gbàǹgbà ni o, wọ́n á dá ihò sí ọ̀kan, wọ́n á ki ẹnu èkejì bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi èèkàn igi há a pa. Ìran mẹ́jọ ló gbé ibẹ̀ kó tó di mùsíọ́mù! Òrùlé ẹ̀ ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn arúgbó, àmọ́ ó dúró. Mo sún mọ́ òpó kan, àpá irin tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ ṣì hàn lára ẹ̀ kedere, omi lé sí mi lójú.