Eegun sọ ìlú rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀: ohun tí ọ̀rọ̀ Adam kọ́ mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti fi ọmọ ránṣẹ́ sí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lókè òkun, àti ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ káńsù bá fẹ́ bá ọmọ Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì kò já geere lẹ́nu rẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi ni mo máa ń jókòó sáàárín wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Ohun tí mo rí kọ́ nídìí rẹ̀ ni pé bí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, sáyẹ́ǹsì lè ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n bí ẹbí kankan kò bá jáde wá sọ pé "ọmọ wa ni", ẹjọ́ náà kì í lọ síbì kankan.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n sọ ní Adam ló là mí lójú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ẹnì kan tó ń gba orí afárá Tower Bridge kọjá rí nǹkan tó léfòó lójú odò Thames. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa gbé e jáde nítòsí ilé eré Globe, òkú ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú ni, tí wọ́n fojú bù ú pé ó wà láàárín ọdún mẹ́rin sí méje. Wọ́n ti gé orí àti ọwọ́ òun ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, ẹ̀yin náà ní ọmọ nílé. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Ọlọ́pàá ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ yẹn, nítorí kò sí òmíràn.

Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Kò sí ojú tí èèyàn lè dá mọ̀, kò sí ìka tí wọ́n lè tẹ̀ sórí ìwé, kò sí eyín. Ìdí ṣòkòtò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kids & Company ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ilé ìtajà Woolworths ti Jámánì ló ń tà á. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé ọ̀rọ̀ náà gba Jámánì kọjá, ó kéré tán, ti aṣọ.

Ti eegun ló yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Pye, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, ló ṣe é. Nǹkan kan wà nínú òkúta tó ń jẹ́ strontium. Òjò á wẹ̀ ẹ́ wọ inú ilẹ̀, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ á fà á mu, àwa náà á jẹ wọ́n, á sì lọ jókòó sínú eegun wa. Ti òkúta tó ti pẹ́ láyé yàtọ̀ sí ti òkúta tí kò pẹ́, sísè àti jíjẹ kì í sì í pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Èyí tó wà nínú eegun Adam jẹ́ ti òkúta àtayébáyé, irú èyí tó wà nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ tàbí òkè Ìdànrè ti fi ẹsẹ̀ tẹ irú rẹ̀. Pye àti ọ̀gá ọlọ́pàá Will O'Reilly rìnrìn-àjò lọ sí Nàìjíríà, wọ́n kó òkúta, wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n gba eegun ẹran, wọ́n sì fi wọ́n wé ti ọmọ náà. Agbègbè tó lọ láti Ìbàdàn dé Benin ni ọ̀rọ̀ náà wá já sí. DNA, ìyẹn àmì ìran tó wà nínú ara, èyí tí ọmọ máa ń gbà lọ́dọ̀ ìyá náà tọ́ka sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n sì ti dábẹ́ fún un, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ wa ní kékeré.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ inú ìfun rẹ̀ wò. Ìyẹ̀fun tí igi máa ń tú sínú afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, ti igi alder tí kì í hù lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ọmọ náà wà láàyè ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Amọ̀ tí góòlù wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú èso olóró tí wọ́n ń pè ní Calabar bean, tí àwọn Ẹ́fíìkì máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Ọgbà ewéko Kew ni wọ́n ti dá èso yẹn mọ̀.

Wọ́n tún rí oògùn ikọ́.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ikọ́ ń ṣe ọmọ náà, ẹnì kan sì da oògùn sínú ṣíbí, ó ní kó la ẹnu. Ẹni yẹn mọ orúkọ rẹ̀. Bóyá òun ló ṣe iṣẹ́ ibi náà, bóyá kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ náà tó fi ń dáhùn. Títí di òní, kò sí ilé ẹjọ́ tó tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú ọmọ yìí. Nelson Mandela fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ní 2002 pé kí ẹbí ọmọ náà jáde, kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan sọ̀rọ̀. Ní 2003 ọlọ́pàá ya wọ àwọn ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mú èèyàn 21, síbẹ̀ kò sí ẹni tí wọ́n rí fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Wọ́n sin ọmọ náà ní 2006.

Nígbà tí ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pé ó jọ pé wọ́n fi ọmọ náà ṣe ètùtù ni, ẹni bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra ẹ̀fọ́ àti èlùbọ́ ní Peckham á gbọ́ àríyànjiyàn. Àwọn kan ní àwọn òyìnbó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ oògùn owó bà wá lórúkọ jẹ́. Àwọn kan ń mi orí pé irú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Inú bí èmi náà sí ohun tí àwọn ìwé ìròyìn kan ń kọ, bí ẹni pé gbogbo wa la ní ojúbọ lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n orí ìbínú yẹn ni ọ̀rọ̀ wa pin sí. Mi ò gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè pé, ọmọ ta ni kò sí nílé nínú àwọn tí a mọ̀?

Ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè nìyẹn. Nígbà tí ọlọ́pàá ń wá ẹni tí Adam í ṣe, wọ́n ní kí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù wo inú ìwé wọn fún àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọlọ́dún mẹ́rin sí méje tí wọn kò wá sí iléèwé mọ́ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Wọ́n tó 300. Ọmọ Áfíríkà ni gbogbo wọn àfi ẹyọ kan. Méjì péré ni ọlọ́pàá rí ibi tí wọ́n wà. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàyè, pé ìyá wọn ló mú wọn padà sílé. Ṣùgbọ́n ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà?

Mo mọ bí ọmọ ṣe ń di ẹni tí kò sí nínú ìwé, torí ojú mi ló ń ṣe. Obìnrin kan wà tí mo ṣe ògbufọ̀ fún, mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló mú ọmọ náà wá, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un, kò sì wá mọ́. Òṣìṣẹ́ káńsù bèèrè ọjọ́ ìbí ọmọ. Obìnrin náà ní ìgbà tí iṣu tuntun ń jáde ni wọ́n bí i. Orúkọ bàbá ńkọ́? "Bàbá Tóbi la máa ń pè é." Fọ́tò ńkọ́? Ó wá a lórí fóònù títí, ó rí ẹyọ kan, níbi ìkómọ kan báyìí, kúlà ìrẹsì bo ìdajì ojú ọmọ náà. Òṣìṣẹ́ náà fa àmì sí àpótí kan lórí fọ́ọ̀mù, ó tún fa sí òmíràn. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọ náà wà lábẹ́ tábìlì, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣeré. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Adam pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn lè sọ nípa ọmọ tó wà láàyè yìí lọ.

Nítorí náà, ẹ gbọ́. Kí ọmọ tó kúrò nílé, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti aṣọ ẹbí. Ẹ ya àpá tó bá wà lára rẹ̀ àti àmì tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹ kọ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sílẹ̀ àti ti ẹni tó mú un lọ. Ẹni tó bá ní "ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni" nígbà tí ẹ bá ń kọ nọ́ńbà yẹn, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ti eyín wá ńkọ́? Ó wù wá ká máa ju eyín ọmọ tó bá yọ sórí òrùlé, èmi náà ju tèmi bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ẹyọ kan sínú àpò ìwé tó gbẹ. DNA lè wà nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, eegun máa ń yí padà bí a ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ara eyín tó le yẹn kì í yí padà mọ́ lẹ́yìn tó bá ti dá, ohun tí ọmọ jẹ àti omi tó mu ní kékeré ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gé orí Adam gba ìyẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń wá a.

Bí ọmọ bá sọnù, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ má fọ ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ má sọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tàbí ìyarun rẹ̀ nù. Bí ó bá sì jẹ́ òkú ni wọ́n rí, ẹ̀yin àdúgbò, ẹ má yí i ká, ẹ má fi aṣọ ara yín bò ó, àánú ló ń mú wa ṣe é ṣùgbọ́n òwú aṣọ yín á dà pọ̀ mọ́ ti ẹni tó pa á.

Fún àwa tó wà ní Bìrìtìkó: bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, tí ẹ kì í ṣe òbí rẹ̀, òfin ní kí ẹ sọ fún káńsù. Ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà, tàbí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kò sí lára àwọn tí òfin yìí kàn. Ọmọ ìbátan bàbá rẹ tí ò ń pè ní àbúrò wà lára rẹ̀, ọmọ ìjọ yín náà wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀. Ẹ̀rù yẹn gan-an ni ẹni tó ń kó ọmọ kiri gbójú lé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ tí wọ́n ń pín kiri. Wọ́n gbé orúkọ kan jáde fún Adam ní 2011, òmíràn tún jáde ní 2013, ọlọ́pàá kò rí èyí tó dúró. Orúkọ tí kò ní ẹbí lẹ́yìn kò ní DNA tí wọ́n lè fi wé e.

Ti Adam ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tó pé ọdún 20 tí wọ́n rí òkú rẹ̀, ní 2021, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tún bẹ̀bẹ̀ fún ìròyìn. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́. DNA tó gba ọ̀dọ̀ ìyá kọjá yẹn wà lára ìyá ìyá rẹ̀, lára ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá rẹ̀, àti lára gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀. Igi tó ní òwú lórí ni wọ́n á fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á tì í bọ inú ike, ó parí. Bí ẹnì kan láti ìhà Ìbàdàn títí dé Benin bá mú ọmọkùnrin kékeré kan lọ sí Jámánì tàbí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 2001, tí wọ́n kàn ń sọ pé "ó wà níbẹ̀, ó ń kàwé", tí kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín ní orúkọ rẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ẹ lè pe Crimestoppers, àjọ tó ń gba ìròyìn nípa ìwà ọ̀daràn, lórí 0800 555 111, wọn kì í bèèrè orúkọ ẹni tó ń pè.