Ẹran tó wà lọ́wọ́ alápatà

Alẹ́ Sátidé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Die freudlose Gasse tán, oorun ò sì wá mọ́. Jámánì ni G. W. Pabst ti ṣe fíìmù aláìlóhùn yìí lọ́dún 1925, ṣùgbọ́n Vienna ni ìtàn náà wà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí owó Austríà di bébà lásán.

Òru làwọn obìnrin ti ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù alápatà. Werner Krauss ló ṣe alápatà náà, òun àti ajá funfun ńlá rẹ̀. Wọ́n á dúró títí, alápatà á ní ẹran ti tán. Irọ́ ni. Ẹran wà fún obìnrin tó bá lè fi ara rẹ̀ san án.

Grete ni ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi ra ìpín ilé-iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ sì wọmi. Greta Garbo tó ṣe Grete kò ju ọmọ ọdún 19 lọ nígbà náà. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ gbé ẹ̀wù onírun fún un láwìn. Àwìn o! Ṣọ́ọ̀bù aṣọ náà ni wọ́n fi bo ilé aṣẹ́wó mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gá Grete ní ọ́fíìsì ti rí ẹ̀wù náà lọ́rùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlọ̀kulọ̀ lọ̀ ọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: kò sẹ́ni tó fi ipá wọ́ ọmọ yìí. Oore ni wọ́n ń gbé wá bá a, ẹni tí ebi ń pa kò sì lè bi oore léèrè ibi tó ti wá.

Hugo Bettauer ló kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n yìnbọn fún un ní Vienna ní oṣù kẹta ọdún 1925, ó sì kú kí fíìmù náà tó jáde. Àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè púpọ̀ gé fíìmù náà yánnayànna.

Ará Amẹ́ríkà kan ló yọ Grete nínú ìdè. Mo bá a yọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gba ìparí yẹn gbọ́. Àwọn tó kù lórí ìlà ò ní ará Amẹ́ríkà kankan. Èyí tí mo gbà gbọ́ ni ti Else, ìyá kan tó wá tọrọ ẹran lọ́wọ́ alápatà nítorí ọmọ rẹ̀ tí ebi ń pa, tí alápatà lé e, tí obìnrin náà sì pa alápatà náà. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Màá tún un wò lọ́la, nítorí ojú Asta Nielsen, òṣèré mìíràn nínú fíìmù náà.