Ẹ má fi bọ́ọ̀lù ṣe ìdẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ míṣọ̀n lórí pápá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi ọjọ́ ti pẹ́, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtigbé bọ́ọ̀lù lọ sí àdúgbò àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu, kẹ́ ẹ lè fi wàásù fáwọn ọmọ wọn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn gan-an ni, mo sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má fi bọ́ọ̀lù ṣe ìdẹ. Ọmọ tí ìyà ti jẹ, ojú ẹ̀ ti là, ó ti rí oríṣiríṣi àwọn tó wá, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n lọ, tí wọn ò sì padà wá mọ́. Tẹ́ ẹ bá ní àfi tó bá kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ìwàásù kó tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, á jókòó, á ṣe àmín, á tiẹ̀ nawọ́ sókè pé òun ti gba Jésù, tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún nawọ́ sókè. Ọmọ náà ò burú o, owó ìwọlé tá a bù fún un ló ń san. Àmọ́ ohun tó máa gbé lọ sílé ni pé Ọlọ́run wa náà kì í fúnni ní nǹkan lásán.

Eré lẹ ó kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ ṣe é dáadáa, kí gbogbo ọmọ tó bá wá rí bọ́ọ̀lù gbá, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ onígbàgbọ́, èyí tó máa dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àtèyí tó máa sáré lọ sílé kété tẹ́ ẹ bá fun fèrè tán. Kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn òbí wọn kedere pé Kristẹni ni yín àti pé ẹ máa ń sọ̀rọ̀ Jésù níbẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún wọn rárá.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. James Naismith tó dá eré basketball sílẹ̀ lọ́dún 1891, ilé ẹ̀kọ́ YMCA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kristẹni, ní Springfield ní Amẹ́ríkà ló ti ń kọ́ wọn, ó sì ti kàwé ìsìn kó tó débẹ̀. Òfin 13 ló kọ fún eré náà, ó wà nínú ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ti ẹnì kejì, kò gbọ́dọ̀ dì í mú, kò gbọ́dọ̀ gbé e ṣubú. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Celtic ní Glasgow ní Scotland náà, Brother Walfrid, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì kan, ló kó àwọn èèyàn jọ lọ́dún 1887 láti dá a sílẹ̀, kí wọ́n lè máa fi owó tí wọ́n bá pa bọ́ àwọn ọmọ tálákà tó wà ládùúgbò yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń rántí jù ni Eric Liddell, sárésáré ará Scotland. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ pé ó kọ̀ láti sá eré 100 mítà ní Òlíńpíìkì Párísì lọ́dún 1924 torí ọjọ́ Sunday ni wọ́n fi ìdíje àkọ́kọ́ sí, tó wá lọ sá 400 mítà tó sì gba góòlù. Apá ibi tí wọn kì í sábà sọ ló wọ̀ mí lọ́kàn. Ó lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Ṣáínà, nígbà ogun, àwọn ará Japan kó òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn sí àgọ́ kan ní Weihsien, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń ṣètò eré fún wọn, àmọ́ kì í bá wọn dá sí eré ọjọ́ Sunday. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá lọ gbá hockey lọ́jọ́ Sunday láìsí rẹfirí, ó di ìjà. Nígbà tí Sunday tó tẹ̀ lé e máa pé, Liddell fúnra ẹ̀ ló jáde wá ṣe rẹfirí fún wọn. Ẹni tí ò sáré lọ́jọ́ Olúwa níwájú gbogbo ayé ni o! Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò ṣe nǹkan kan fún un kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Inú àgọ́ yẹn náà ló kú sí ní February 1945, wọn ò tíì dá wọn sílẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí níbì kan. Ọmọkùnrin méjì ló pín bùútù kan ṣoṣo wọ̀, èyí tó ń fẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù wọ tòsì, èkejì ẹ̀ wọ tọ̀tún, ẹsẹ̀ kejì tàwọn méjèèjì wà nílẹ̀ báyìí láìwọ nǹkan kan, tí bọ́ọ̀lù bá wá bọ́ síbi ẹsẹ̀ tí ò ní bàtà, wọ́n á sáré yí ara wọn po kí wọ́n tó gbá a. Nígbà tí àwa wọlé pẹ̀lú jẹ́sì tó bára mu àti bùútù tó ń dán, ńṣe ni gbogbo wọn sún sẹ́yìn, wọ́n lọ dúró sétí pápá bí ẹni pé pápá yẹn kì í ṣe tiwọn mọ́. Arákùnrin kan nínú wa ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà ẹ̀, la bá bọ́ tiwa náà, eré wá bẹ̀rẹ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ rí àwọn ìyá àtàwọn àgbà àdúgbò, ẹ béèrè ẹni tó ni pápá, ẹ béèrè aago tí iṣẹ́ ilé máa ń tán lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin, torí tẹ́ ò bá béèrè ìyẹn ọmọkùnrin nìkan lẹ máa rí. Ẹ sì wá obìnrin tó máa jẹ́ kóòṣì fún wọn.

Ẹ pín pápá sí kéékèèké, kí wọ́n máa gbá a ní mẹ́rin-mẹ́rin, gólì kékeré, kò sí gólíkípà. Lórí pápá ńlá àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ló máa gba bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, ọmọ tó ń tijú á kàn máa sáré kiri títí eré á fi parí. Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 3 ni kẹ́ ẹ fún àwọn tí ò tíì pé 8, nọ́ńbà 4 fún ọmọ ọdún 8 sí 12, nọ́ńbà 5 fáwọn tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà míì ẹ má yan rẹfirí, kí wọ́n máa pe fáálù fúnra wọn, ẹ ó rí ohun tẹ́ ẹ máa bá wọn sọ nígbà tí wọ́n bá ń sinmi: kí lo máa ṣe tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ kan bọ́ọ̀lù? Ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó. Àwa oníwàásù fẹ́ràn ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ẹnì kan ló ń gba ẹ̀bùn nínú eré ìje, ẹsẹ Bíbélì tó dáa ni, àmọ́ ọmọ tó ti ń gbẹ́yìn látìgbà tí wọ́n ti bí i, ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ló máa ń gbà á, òun kọ́. Sekaráyà 8:5 ni mo máa ń kà fún wọn, ibi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé ìgboro Jerúsálẹ́mù máa kún fún ọmọkùnrin àtọmọbìnrin tó ń ṣeré. Ẹ wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Èyí ò ní àwíjàre o: kí àgbàlagbà kankan má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi táwọn èèyàn ò ti lè rí wọn, bó ti wù kó jẹ́ pásítọ̀. Méjì ni kẹ́ ẹ máa jẹ́ nígbà gbogbo. Ẹ gbàṣẹ òbí kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ọmọ tó bá forí gbá nǹkan, tí ojú ń ṣe é bàìbàì tàbí tó ń bì, kó má padà sórí pápá lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Tí tíìmù yín bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáa, àwọn kan á wá tí wọ́n á ní àwọn jẹ́ ẹ̀jẹ́ǹtì, pé àwọn máa gbé ọmọ lọ sílẹ̀ òkèèrè, káwọn òbí ṣáà wá owó ìwé ìrìnnà. Òfin FIFA ò gbà kí wọ́n gbé ọmọ tí ò tíì pé 18 láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí ti orílẹ̀-èdè míì, àfi láwọn ìdí díẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀, bí ìgbà táwọn òbí ẹ̀ bá kó lọ síbẹ̀ fún nǹkan míì tí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ẹ sọ òfin yìí fáwọn òbí ṣáájú kí àwọn yẹn tó dé, kí wọ́n má bàa ta ilẹ̀ tàbí lọ yáwó, kí wọ́n sì má fún ẹnikẹ́ni lówó láìjẹ́ pé wọ́n ti pe àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù lórílẹ̀-èdè wọn béèrè nípa onítọ̀hún.