Ta Ló Mọ Orin Kọ Jù ní Black Sabbath? Àríyànjiyàn Òru ní Birmingham

Tí o bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń wọ tíṣẹ́ẹ̀tì dúdú ní Birmingham, ìbéèrè kan ti tó: nínú gbogbo àwọn tó ti di máìkì mú fún Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin heavy metal, ìyẹn orin gìtá tó wúwo, ta ló mọ orin kọ jù? Bu tíì rẹ, kí o jókòó. Tíì á tutù, wọn ò ní tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ Ozzy Osbourne àti Ronnie James Dio, ẹnì kan á sì ti máa pariwo láti ẹ̀yìn pé wọ́n ti gbàgbé Tony Martin, ọmọ bíbí ìlú náà, tí ẹnikẹ́ni kì í kà kún.

Ibi iṣẹ́ òru ni mo ti bá wọn. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́yìn odi ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ń to ẹrù, a ń dì í, tó bá sì di aago méjì òru, a ó wọ yàrá ìjẹun. Bàbá kan wà láàárín wa tó jẹ́ ará Walsall, ìlú kan nítòsí Birmingham. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan àwọn ọmọdé tí kò tíì ju ogún ọdún lọ. Ẹnu tèmi kọ̀. Bàbá Walsall ni mo ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin ará Póláńdì kan náà wà, tó fín gbogbo apá láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká. Àwọn méjèèjì ni alága àríyànjiyàn. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn nígbà tí ọ̀rọ̀ Barrister àti Kollington lè tú àwọn àlejò ìyàwó ká, mo ti mọ bí a ṣe ń gbèjà olórin. Orin tí wọ́n ń jà lé lórí nìkan ni mi ò mọ̀.

Wọn ò sì lè ṣe kí wọ́n má jà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni orin náà ti ṣẹ̀. Ọmọ Aston, nínú Birmingham níbí, ni àwọn mẹ́rin tó dá Black Sabbath sílẹ̀ ní 1968, nígbà tí ilé iṣẹ́ irin kún àdúgbò náà. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gé páànù já orí ìka rẹ̀ méjì dànù, lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ àṣekẹ́yìn níbẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, torí náà ọwọ́ ọ̀tún tó fara gbá yẹn gan-an ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ní ilé wa, wọn ì bá ní kó tètè lọ bọ Ògún. Iommi ní tiẹ̀ wá ike ọṣẹ ìfọwo, ó yọ́ ọ, ó mọ ọ́n bí ìbọ̀ka, ó lẹ awọ mọ́ ọn lórí, ó sì padà sídìí gìtá. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àwo wọn kẹta ní 1971, ó ti ń dẹ okùn náà sílẹ̀ kó má bàa máa dun ìka rẹ̀. Okùn tó dẹ̀ a máa dún nísàlẹ̀, a máa wúwo. Ìró tí ẹgbàágbèje ọ̀dọ́ ń wá kiri lágbàáyé lónìí, ìka tó gé ló bí i. Bàbá Walsall náà ti ṣiṣẹ́ irin nígbà èwe rẹ̀. Tó bá ń sọ ìtàn yìí, ìka tirẹ̀ ló máa ń nà sókè bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ náà gé.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo wà nínú ìjà náà. Dio ni tèmi.

Ohùn Ozzy kò fẹ̀. Ibi tí gìtá bá gbà ló máa ń tọ̀ lẹ́yìn, ó sì máa ń dún bí ẹni tí wàhálà ká mọ́ inú ilé, tó ń ké sí aládùúgbò. Mi ò sọ pé kò dùn. Ṣùgbọ́n Dio, ará Amẹ́ríkà tó wọlé ní 1979 nígbà tí wọ́n lé Ozzy, ti fọn fèrè láti kékeré, ó sì máa ń sọ pé ibẹ̀ lòun ti kọ́ bí a ṣe ń lo èémí. Gbọ́ àwo Heaven and Hell ti 1980. Ènìyàn kékeré lásán ni, ohùn rẹ̀ sì ń kún gbogbo ilé. Òun náà ló sọ ìka méjì tí wọ́n ń nà sókè níbi orin yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní lọ́dọ̀ ìyá àgbà òun, ará Ítálì, lòun ti rí i, tí ìyá náà fi ń lé ojú burúkú sẹ́yìn. Bàbá Walsall á ní irọ́ ni, pé Dio kàn ń kọrin nípa dírágónì àti òṣùmàrè, pé ohùn Ozzy ni ohùn Aston, ohùn ẹni tí ebi ti pa rí. Tí mo bá wá fẹ́ fèsì, á fa káàdì tó kẹ́yìn yọ: Rob Halford, akọrin ẹgbẹ́ Judas Priest, tó dàgbà ní Walsall. Nígbà tí Dio kọ̀ láti kọrin ṣáájú Ozzy ní California ní 1992, Halford ló bá Sabbath dúró. Nígbà tí ara Ozzy kò yá ní New Jersey ní 2004, Halford náà ni. Nítorí náà, lójú tirẹ̀, ọmọ Walsall ló ń gba gbogbo wọn sílẹ̀.

Ọmọ Póláńdì yẹn kì í dá sí ti Ozzy àti Dio yìí. Lójú tirẹ̀, orin àwọn bàbá àgbà ni. Growl lòun fẹ́, ìyẹn ohùn tó há, tó jìn, tó ń bú bí ẹranko láti inú ihò. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú fóònù rẹ̀, mo kàn wò ó ni. Mo mọ ohùn yẹn. Ní Ìbàdàn, tí egúngún bá ń bọ̀ ládùúgbò, tó sì fọhùn láti abẹ́ aṣọ, irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló ń jáde. Àwa ọmọbìnrin á ti sá wọlé, a ó máa yọjú lójú fèrèsé. Ohùn ará ọ̀run ni wọ́n pè é fún wa. Ó sì tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ egúngún, nítorí bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí.

Ó wá fi ẹni tó ń fọ ohùn náà hàn mí nínú fídíò. Obìnrin ni.

Angela Gossow ni, ọmọ Jámánì, tí ẹgbẹ́ Arch Enemy ti Sweden mú rọ́pò akọrin wọn ọkùnrin ní ìparí 2000. Nígbà tó gbé e sílẹ̀ ní 2014, obìnrin míì, Alissa White-Gluz láti Kánádà, ló gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ Póláńdì náà fi Tatiana Shmayluk ti ẹgbẹ́ Jinjer hàn mí, ọmọ Ukraine. Nínú orin wọn kan tó ń jẹ́ Pisces, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lójijì, láti ẹnu kan náà, ohùn abẹ́ aṣọ yẹn bú jáde. Àyà mi là. Mo ní kó tún un fi sí i, ó sì ń rẹ́rìn-ín mi. Ohun tí wọ́n fi lé wa wọlé nígbà èwe, òun ni obìnrin yìí dúró sójú iná tó ń ṣe, kò fi aṣọ bojú, wọ́n sì ń sanwó fún un. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá náà tó lè mọ ohun tí mo ń rò, mi ò sì ṣàlàyé.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi ọmọ Póláńdì náà léèrè bóyá irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ba ọ̀fun jẹ́. Ó ní tí o bá ń fi agídí pariwo, ohùn rẹ á há, o sì lè ṣe ara rẹ léṣe. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í pariwo rárá. Tán-án-ná inú ọ̀fun, ìṣẹ́po ẹran méjì tó ń gbé ohùn jáde, ló ń gbọ̀n tí a bá ń sọ̀rọ̀. Lókè rẹ̀ díẹ̀, ìṣẹ́po ẹran méjì míì wà tí a kì í sábà lò fún ọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sún mọ́ra, tí èémí tó ń ti ikùn bọ̀ yóò fi mú wọn gbọ̀n. Ó ṣe é níṣojú wa, pẹ̀lú ṣíbí indomie lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn náà kò sì ròkè ju ti ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀ lọ. Máìkì ló ń sọ ọ́ di àrá. Olùkọ́ kan wà ní New York, Melissa Cross, tó ń kọ́ àwọn olórin bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ kí ọ̀fun wọn lè pẹ́. Bàbá Walsall ní kí wọ́n má ṣe máa wá ẹ̀kọ́ náà lọ sọ́nà jíjìn, pé ẹgbẹ́ Napalm Death wà nítòsí, àwọn tí orin wọn kan, You Suffer, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 1.316 lọ, tó sì wọ ìwé Guinness. Mo ti gbọ́ ọ. Kò sí ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀ tí kò ní gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Láti gbọ́ ọ nínú fóònù yàtọ̀ sí kí o dúró níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Skindred ni mo kọ́kọ́ lọ wò, ó sì dùn mọ́ mi pé àwọn ni, nítorí Benji Webbe, aṣáájú wọn, jẹ́ ènìyàn dúdú láti Newport ní Wales, tó ń po regé àti metal pọ̀ lẹ́nu. Nígbà tí mo wọlé, mo ka àwọn dúdú tó wà níbẹ̀, kò pẹ́ tí mo fi kà wọ́n tán. Kò sẹ́ni tó wò mí tìfura-tìfura. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló fún mi ní rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń dí etí, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin títí di ọjọ́ ogbó kò gbọdọ̀ dúró láìfi í sí i.

Àárín agbo ni wọ́n ń pè ní pit. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìjà ìgboro ni: wọ́n ń sáré yípo, wọ́n ń fi èjìká gbára wọn. Nígbà míì, olórin á ní kí èrò pín sọ́tùn-ún sósì, orin á dákẹ́, á tún bú, wọ́n á sì sáré lura wọn láàárín. Ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn tó ń tún ohùn ṣe, ni mo dúró sí, ibẹ̀ ni orin sì ti mọ́ létí jù. Ṣùgbọ́n mo rí òfin wọn. Ẹnì kan ṣubú, ọwọ́ mẹ́fà ló gbé e dìde kí n tó ṣẹ́jú. Bàtà ẹnì kan bọ́, wọ́n nà án sókè títí olówó rẹ̀ fi wá a rí. Mo ti dé òde ìnáwó tí wọ́n ti tẹ ìyá arúgbó mọ́lẹ̀ nítorí sọ́ọ̀vẹ́nà. Lápá ìparí, Benji ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ aṣọ òkè, kí wọ́n máa fì í yípo lókè orí. Èmi ò bọ́ aṣọ fún ẹnikẹ́ni o. Síkáàfù orí mi ni mo tú.

Aǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí fọ́tò náà lórí WhatsApp.

"Àbúrò mi, ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn kọ́ lo wọ̀ yìí?"

"Rárá o, aǹtí mi. Orin ni."

Mo sọ fún wọn pé bàbá Ozzy ló fi irin ṣe àgbélébùú tí àwọn Black Sabbath ń so mọ́rùn, pé inú ilé Kátólíìkì ni Geezer Butler, tó ń kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orin wọn, ti dàgbà, pé orin rẹ̀ After Forever ti 1971 ń bá àwọn tó ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀fẹ̀ wí. Wọ́n gbọ́, wọn ò gbà. N kò sì ní purọ́: àwọn míì wà nínú àwọn olórin yìí tí n kò lè gbèjà. Nergal, akọrin ẹgbẹ́ Behemoth, ará Póláńdì, fa Bíbélì ya lórí ìtàgé ní Gdynia ní 2007, wọ́n gbé e lọ ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn wọn gan-an. Tó bá ti fi tiwọn sí i, á wò mí, mo máa yọ tèmi kúrò létí, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 2025, Black Sabbath ṣe eré ìdágbére wọn ní pápá Villa Park, ní Aston kan náà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé, Bill Ward padà sídìí ìlù. Metallica wá, Slayer wá, Tool wá, owó rẹ̀ sì lọ fún ìtọ́jú àrùn Parkinson àti àwọn ọmọdé tó ń ṣàìsàn. Bàbá Walsall àti ọmọ rẹ̀ rí tíkẹ́ẹ̀tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èmi ti wò ó. Orí àga dúdú bí ìtẹ́ ọba ni Ozzy jókòó sí, àrùn Parkinson ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ohùn náà ń gbọ̀n níbi kan, ó sì ń bọ́ níbòmíì, èmi ọmọ Dio sì ń bá a kọ ọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù yẹn náà ló kú, ẹni ọdún 76. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba Broad Street kọjá ní ọjọ́ 30, mo lọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ibẹ̀ máa ṣàjèjì sí: àwọn afọnfèrè ló ṣíwájú ọkọ̀ òkú, wọ́n ń fi fèrè kọ orin rẹ̀, èrò kún òpópónà, òdòdó sì bo afárá tí wọ́n fi orúkọ Black Sabbath pè.

A ti wá ń múra Bloodstock báyìí, ọdún orin ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Catton Park, ní Derbyshire, lóṣù Kẹjọ. Orúkọ Dio ni wọ́n fi pe ìtàgé rẹ̀ tó tóbi jù. Bàbá Walsall ní òun á kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, òun á lọ jókòó níwájú èkejì, tó ń jẹ́ orúkọ Sophie Lancaster. Kì í fi ìyẹn ṣàwàdà. Ọmọ ogún ọdún ni Sophie nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan lù ú nínú pápá ìṣeré kan ní Bacup ní 2007, nítorí bó ṣe ń múra bí ẹlẹ́wù dúdú, tó sì kú. Bàbá ní ọmọbìnrin tó ń múra bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgọ́ la ti yanjú, ti ọkọ̀ náà ti yanjú. Oúnjẹ ló kù, nítorí mi ò lè fi búrẹ́dì àti sọ́séèjì gbé odidi ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti ní kí wọ́n fi àyè kúlà sílẹ̀ nínú bùútù, kí wọ́n sì má fọwọ́ kan ata mi.