Wọ́lẹ́ẹ̀tì kírípítò: ohun tójú mi rí kí n tó mọ èyí tó bá mi mu

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà tí mo ti kúrò nídìí títún fóònù ṣe ní Ouando tí mo wá ń ya lógò fáwọn ará òkè òkun, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí, "ẹ̀gbọ́n, wọ́lẹ́ẹ̀tì wo ló dáa jù?" Wọ́lẹ́ẹ̀tì ni àpò tá a fi ń gba kírípítò, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tá a sì fi ń rán an. Èmi náà á bi yín padà, kí lẹ fẹ́ fowó ọ̀hún ṣe? Torí owó tẹ́ ẹ máa ná lọ́jà lọ́la àtowó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ilẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí i kì í gbé inú àpò kan náà, èmi ò mọ̀yẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ mí lówó.

Oníbàárà mi àkọ́kọ́, Kánádà ló wà, ó ní dọ́là 60 lòun máa san, USDT ni, kírípítò tí ẹyọ kan ẹ̀ tó bíi dọ́là kan, lórí Tron, ọ̀kan lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kírípítò ń gbà kọjá. Mo ní kò burú, mo gbé Trust Wallet sórí fóònù, mo fi àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T ránṣẹ́ sí i, ká tó wí ká tó fọ̀ owó ti wọlé. Inú mi dùn débi pé mo ti ná an tán lọ́kàn. Ìgbà tí mo wá fẹ́ fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó máa fún mi ní séfà lórí MoMo, áàpù kọ̀ jálẹ̀, ó ní mi ò ní TRX. Àṣé TRX, owó Tron fúnra ẹ̀, ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, ìyẹn owó ìfiránṣẹ́, lórí Tron, wọn ò gbà á lára USDT tó wà lọ́wọ́ mi. Ṣẹ́ ẹ ti rí ẹni tó gbé àpò àgbàdo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ò ní owó zém (ọ̀kadà akérò) rí? Èmi nìyẹn, ọjọ́ méjì gbáko, kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Sábẹ tó rán TRX díẹ̀ sí mi.

Torí náà kẹ́ ẹ tó mú wọ́lẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí, ẹ bi ẹni tó fẹ́ san yín lówó pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń lò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn ń gbé e, kẹ́ ẹ sì ní owó ọkọ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Ti Ethereum, ETH ni, ti BNB Smart Chain, BNB ni. Àwọn méjèèjì yìí gan-an ló máa ń da èèyàn rú jù torí àdírẹ́sì wọn jọra, 0x ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lè rò pé ọ̀kan lẹ fi ránṣẹ́ kó jẹ́ èkejì.

Wọ́lẹ́ẹ̀tì tó wà lórí Binance àtàwọn irú ẹ̀, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra kírípítò tí wọ́n sì ń tà á, alájọ ni wọ́n o. Òun ló ń bá yín tọ́jú owó, tẹ́ ẹ bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ó lè ràn yín lọ́wọ́, ó sì rọrùn téèyàn bá fẹ́ tètè sọ ọ́ di séfà. Èmi ò bá alájọ jà. Ṣùgbọ́n nínú àwa tá à ń dá tọ́ńtìn níbí, ta ni ò tíì gbọ́ ìtàn alájọ tó lọ tí ò bọ̀? Mt. Gox ní Jàpáàn, ọ̀kan lára irú alájọ bẹ́ẹ̀, wó ní 2014, bitcoin bí 850,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn ò rí mọ́. FTX tóun náà jẹ́ irú alájọ yẹn dojú dé ní November 2022, wọ́n sì sọ Sam Bankman-Fried tó dá a sílẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún 25 ní 2024. Owó ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ máa fi sọ́wọ́ alájọ, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ apá yín.

Èyí tó jẹ́ tiyín gangan, bíi Trust Wallet tàbí MetaMask, kóló ni, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣí i, ohun tẹ́ ẹ ó sì fi ṣí i ni ọ̀rọ̀ 12 tó máa fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ (àwọn míì 24). Èmi ń kánjú lọ́jọ́ yẹn, mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ fóònù mi jábọ́ lórí zém, ọkọ̀ ńlá gun ún, ó tán. Dọ́là bí 140 ló wà níbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní o! Mo ní àdírẹ́sì ẹ̀, mo lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbàkígbà tó bá wù mí, mo kàn ń wò ó ni, mi ò lè fọwọ́ kàn án, kò sì sí ọ̀gá tí mo lè lọ bẹ̀.

Àbúrò mi kan ní Kétu kọ tiẹ̀ sílẹ̀ ní tiẹ̀, síbẹ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì ò ṣí. Mo gba ìwé ọ̀hún wò, àfi "forêt". Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún un, "forest", ọwọ́ lisé ló fi kọ ọ́ lédè Faransé! Orí yọ ọ́, torí inú ọ̀rọ̀ 2048 ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kan kì í sì í bá ti òmíràn dọ́gba, ìyẹn la fi mọ̀ pé "forest" ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe rí i, bó ṣe tò ni kẹ́ ẹ tò ó, ẹ má ya fọ́tò ẹ̀, ẹ má fi sí WhatsApp. Ẹni tó bá sì kàn sí yín lórí Telegram pé òun fẹ́ bá yín tún wọ́lẹ́ẹ̀tì ṣe, kẹ́ ẹ fún òun lọ́rọ̀ 12 yẹn, olè ni, bíi tàwọn tó ń pe èèyàn láti gba kóòdù MoMo.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ sí fóònù, bíi Ledger táwọn ará Faransé ṣe tàbí Trezor, owó tó pọ̀ tó sì máa pẹ́ ni wọ́n wà fún. Tówó tẹ́ ẹ ní ò bá tó owó ẹ̀rọ ọ̀hún, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ má sì ra àlòkù, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lè ti mọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀.

Èmi ní tèmi, owó iṣẹ́ ń wọlé sórí fóònù, mo fi TRX díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tí mo fẹ́ ná ń lọ sọ́dọ̀ alájọ. Ọ̀rọ̀ 12 wà nínú ìwé méjì, ibi méjì. Mo wé ìkan sínú ọ̀rá, mo rán an pa, mo gbé e fún ìyá kan nínú ẹbí pé kó bá mi fi sábẹ́ àwọn aṣọ ẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi kan iwájú orí, ó ní ṣé tírà ni. Mo ní ẹ̀n, tírà ni, mà.